Wèrè Dùn-ún Wò, Kò Ṣe É Bí Lọ́mọ: Ìrànlọ́wọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Fún Ẹbí Àwọn Tí Àìsàn Ọpọlọ Ń Bá Jà

Àwọn àgbà Yorùbá ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ aláìsàn rí lè dúró lẹ́bàá títì kí ó máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bí i, ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, tàbí ẹni tí ó fẹ́ ẹ sílé kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun ni ó ń ṣọ́ aláìsàn lóru, òun ni ó ń wá owó oògùn, òun sì ni àwọn aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, aláìsàn nìkan ni wọn yóò ṣí fáìlì fún. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, "Ìyá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ó bí irú ìrànlọ́wọ́ tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹbí, tí kì í ṣe fún aláìsàn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ẹbí ti ń pàdé lójúkojú láti ran ara wọn lọ́wọ́ ní àwọn ìlú òkèèrè. Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wáyé, fóònù alágbèéká sì ti sọ ọ́ di ohun tí ẹni tí ó wà ní Ìsẹ́yìn tàbí Òkìtìpupa lè rí lò láì wọ mọ́tò.

Àwọn àìsàn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo àìsàn ọpọlọ. Abísínwín ni wọ́n ń pe èyí tí ó máa ń kọlu ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn ìbímọ. Wèrè aláṣọ ni ẹni tí ó ṣì ń wọṣọ, tí ó ń jẹun, tí ó ń bá ènìyàn kí, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é àfi àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ya wèrè ìran, èyí tí a bá nínú ẹbí, sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n gbà pé aráyé ló fi ṣe ènìyàn.

Ní ti àwọn dókítà, mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kà sí àìsàn ọpọlọ tí ó lágbára. Èkíní ni schizophrenia, tí aláìsàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó sì lè dá a lójú pé àwọn kan ń lépa ẹ̀mí òun. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó ń bá nǹkan bí mílíọ̀nù 24 ènìyàn jà káàkiri ayé, ìyẹn ẹnìkan nínú 300. Èkejì ni bipolar, tí ara aláìsàn yóò yá gágá kọjá ààlà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí yóò máa náwó, tí kò ní sùn, tí yóò sì tún ṣubú sínú ìbànújẹ́ ńlá bó bá yá. Àjọ yìí kan náà ní mílíọ̀nù 40 ènìyàn ni ó ń bá jà ní ọdún 2019. Ẹ̀kẹta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó le débi pé aláìsàn kò ní lè dìde lórí ibùsùn, tàbí kí ó máa ronú àtipa ara rẹ̀.

Ìgbà ọ̀dọ́ ni schizophrenia àti bipolar sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 16 sí 30. Èyí ni ó mú kí ó máa dun òbí wọra. Ọmọ tí wọ́n ti san owó ilé ìwé rẹ̀, tí ó ti wọ yunifásítì, tí wọ́n ti ń retí pé yóò tọ́jú àwọn, ni ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, tí kò wẹ̀ mọ́, tí ó sì ní ìyá òun fi nǹkan sínú oúnjẹ òun.

Kí ni ó ń fà á? Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ìṣòro nígbà oyún tàbí ìbímọ wà níbẹ̀, ìyà àti ìpayà nígbà èwe wà níbẹ̀, igbó mímu lọ́pọ̀ yanturu pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwádìí ti já nírọ́. Ní ọdún 1948, oníṣègùn ọpọlọ kan tí ń jẹ́ Frieda Fromm-Reichmann kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ìṣesí àwọn ìyá kan lè fa schizophrenia fún ọmọ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà ń wo ìyá aláìsàn bí ọ̀daràn. Nígbà tí ìwádìí tòótọ́ dé, kò sí ẹ̀rí kankan fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí ohun tí ojú àwọn obìnrin ń rí nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹbí ọkọ ti lè ka ìyá tàbí ìyàwó aláìsàn sí àjẹ́. Èébú kan náà ni, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ̀.

Nígbà tí Aró gba ẹbí mọ́ra

Àwọn ilé àhámọ́ fún alárùn ọpọlọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní Kàlàbá ní ọdún 1904 àti ní Yábà ní ọdún 1907 kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ẹbí. Wọ́n ń ti aláìsàn mọ́lé kí ìgboro lè rójú ni. Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí ní ọdún 1923. Nígbà tí ó ti ìlú Òyìnbó dé tí ó sì gba àkóso ilé ìwòsàn Aró ní ọdún 1954, ó ṣe ohun tí ayé kò retí. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó háyà yàrá fún wọn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká.

Òfin kan wà: kò sí aláìsàn tí ó lè dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Bí ó bá di ọ̀sán, wọn yóò padà sí abúlé, aláìsàn yóò sì máa gbé láàárín àwọn ènìyàn, yóò máa gbọ́ ìlù, yóò máa rí ọmọdé. Ẹbí tí ó bá a wá ń fojú ara rẹ̀ rí bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ń bá àwọn ẹbí mìíràn tí wọ́n jọ wà ní abúlé sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa darí sílé, ọwọ́ ẹni tí ó ti mọ ohun tó ń ṣe ni aláìsàn wà. Lambo padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó kú ní ọdún 2004, ohun tí ó ṣe ní Aró sì di ẹ̀kọ́ fún àwọn dókítà orílẹ̀-èdè mìíràn.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí ńlá lórí schizophrenia ní ìlú mẹ́sàn-án, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún 1960 sí 1969 ń parí lọ, Ìbàdàn wà lára wọn, bákan náà ni London, Washington, Moscow àti Agra ní Íńdíà. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti Agra ni ara wọ́n yá ju ti àwọn ìlú olówó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ́ka sí ẹbí tí kò ta aláìsàn nù. Àwọn mìíràn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìyìn yẹn sùn, nítorí ẹbí náà ń rẹ̀, ilé ńlá ti ń tú ká, àwọn ọmọ sì ti lọ sí Èkó tàbí òkè òkun.

Lẹ́tà tí kò ní orúkọ

Inú ìwé ìròyìn ni ìrànlọ́wọ́ fún ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 1970, bàbá kan tí schizophrenia ń bá ọmọ rẹ̀ jà kọ àpilẹ̀kọ sí ìwé ìròyìn The Times láì fi orúkọ sí i. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń tú ọmọ náà sílẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn láìsí ẹni tí yóò tọ́ àwọn òbí sọ́nà. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwọn. Ohun tó ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe. John Pringle ni orúkọ bàbá náà, láti inú àwọn lẹ́tà yẹn ni ẹgbẹ́ kan sì ti jáde ní ọdún 1972, tí ó ń jẹ́ Rethink Mental Illness lónìí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyá méjì tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn ni wọ́n kó àwọn ẹbí jọ ní ìlú Madison, tí ẹgbẹ́ NAMI fi dúró ní ọdún 1979. Láti ọdún 1991 ni ẹgbẹ́ náà ti ní ẹ̀kọ́ kan tí ẹbí fi ń kọ́ ẹbí: ẹni tí ó ti là á kọjá ni olùkọ́.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà wá gbè wọ́n lẹ́yìn. George Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ṣàkíyèsí pé aláìsàn tí ó bá padà sí ilé tí wọ́n ti ń bá a wí ní gbogbo ìgbà, tàbí tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́, ni àìsàn náà sábà ń tètè padà sí lára. Kì í ṣe pé wọ́n ń dẹ́bi fún ẹbí. Ẹni tí ó ti rẹ̀, tí kò lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ni ó ń pariwo. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹbí ní ohun tí àìsàn náà jẹ́ àti bí wọ́n ṣe lè sọ̀rọ̀ nínú ilé, iye ìgbà tí àìsàn ń padà dín kù.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa ni REACT, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pẹ̀lú àwọn ẹbí fúnra wọn. Ẹ̀kọ́ mẹ́jìlá ni ó wà nínú rẹ̀: ohun tí àìsàn náà jẹ́, bí a ṣe lè bá ẹni tí ó gba irọ́ gbọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí a lè ṣe bí nǹkan bá dàrú lóru, bí ẹbí ṣe lè tọ́jú ara tirẹ̀. Ibì kan tún wà tí àwọn ẹbí ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láì dárúkọ, tí àwọn tí wọ́n ti tọ́jú aláìsàn rí, tí wọ́n sì gba ẹ̀kọ́, ń bójú tó o. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níṣojú àwùjọ lè kọ̀wé sí wọn ní ìkọ̀kọ̀.

Wọ́n dán an wò pẹ̀lú ẹbí 800. Ìdajì gba REACT, ìdajì yòókù gba àkójọ ibi tí wọ́n ti lè rí ìrànlọ́wọ́ nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ìdààmú ọkàn ti dín kù fún ìhà méjèèjì, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lo REACT sọ pé àwọn rí i pé ẹnìkan wà lẹ́yìn àwọn ju àwọn yòókù lọ. Àbájáde yìí ṣe pàtàkì. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àgbo tí ó ń wo gbogbo àrùn. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó mú ìdánìkanwà kúrò.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ mú un wọ inú àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ náà falẹ̀. Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń bẹ̀rù ohun tí ẹbí lè kọ síbẹ̀, àwọn mìíràn kò sì ka ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́ iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀rọ kì í dá ṣiṣẹ́. Bí nọ́ọ̀sì kò bá sọ fún ìyá aláìsàn pé irú ìrànlọ́wọ́ báyìí wà, ìyá kò lè mọ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ Nàìjíríà ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn kò tó 300 fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Ìdí nìyí tí ẹbí fi jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti akápò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí ó ti ṣàbẹ̀wò sí ibùdó 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Abùjá, ilé ìwòsàn, ilé ìṣègùn ìbílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé kéwú, tí wọ́n sì bá ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹbí ló gbé púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀. Kì í ṣe ìkórìíra ló fà á. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n mọ̀ ni.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tí ó ń dá kún un, pé bí wèrè bá ti wọ ọjà, kò ṣe é wò mọ́. Nítorí rẹ̀ ni ẹbí ṣe ń dè é mọ́lé kí ó má baà dé ọjà. Kò sí òótọ́ ìṣègùn nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti rìn káàkiri ìgboro ti padà wá sí ilé ìwòsàn, tí oògùn sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí ó jẹ́ òótọ́ ni pé bí ìtọ́jú bá ṣe pẹ́ sí ni ó ṣe ń ṣòro sí.

Àwọn ìyípadà kan ti wáyé. Láti ọdún 2011 ni ilé ìwòsàn Aró ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kékeré ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láti mọ àìsàn ọpọlọ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀. Ní orí ẹ̀rọ, ẹgbẹ́ Mentally Aware Nigeria Initiative àti She Writes Woman, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, ń gba ìpè àti ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Aláìsàn ni wọ́n dìídì wà fún, ṣùgbọ́n ẹbí náà lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn.

Àǹfààní ńlá kan wà lórí WhatsApp fún Yorùbá: kò di dandan kí ènìyàn mọ ìwé kọ. Ìyá tí kò lè kọ lẹ́tà kan lè tẹ fóònù, kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ìṣòro rẹ̀ ní èdè rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì dá a lóhùn. Àwọn ẹbí tí wọ́n pàdé ní ilé ìwòsàn kan náà lè dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, bí nọ́ọ̀sì kan bá gbà láti máa bójú tó o.

Fún àwọn tí wọ́n wà ní London tàbí Manchester, ọ̀rọ̀ náà tún ní ojú mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá fi wé iye wọn láwùjọ, ìwọ̀n àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi òfin mú sí ilé ìwòsàn ọpọlọ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀, ẹbí lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀: òfin Care Act ti ọdún 2014 fún ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn láǹfààní pé kí ìjọba ìbílẹ̀ wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ nílò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá níbẹ̀ kò mọ̀, nítorí wọ́n ka ìtọ́jú ọmọ ìyá ẹni sí ojúṣe tí a kì í sọ síta.

Ohun tí ó yẹ kí ẹbí mọ̀

Ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù kò pọ̀. Má ṣe bá aláìsàn jiyàn lórí ohùn tí ó ń gbọ́, má sì sọ pé ìwọ náà ń gbọ́ ọ. Sọ fún un pé o rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kúkúrú. Kọ àwọn àmì tí ó máa ń ṣáájú sílẹ̀: oorun tí ó dínkù, ìwẹ̀ tí a pa tì, ìfura sí oúnjẹ. Bí méjì nínú wọn bá hàn, kàn sí dókítà kí ó tó di ariwo. Má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn yẹn ni ó mú un yá. Má ṣe pa àgbo pọ̀ mọ́ oògùn dókítà láì sọ fún un. Egbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lò ní agbára gidi, èròjà reserpine tí àwọn ilé ìwòsàn lò nígbà kan rí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fa ìfúnpá walẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú oògùn mìíràn sì lè ṣe jàǹbá. Ní ìparí, kí àwọn ará ilé pín ìṣọ́ náà láàárín ara wọn. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé.

Ìṣọ́ra tún ṣe kókó lórí ẹ̀rọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ, àwòrán tàbí fídíò aláìsàn síbẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, yóò tún wá iṣẹ́, yóò tún fẹ́ aya, fídíò náà kò sì ní parẹ́. Kí a má gba ìwọ̀n oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ẹni tí ó bá ní òun yóò wò ó sàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ó sì ń béèrè owó lórí fóònù, gbájú-ẹ̀ ni. Bí aláìsàn bá mú ọ̀bẹ, tàbí tí ó ní òun fẹ́ pa ara òun, kì í ṣe àkókò fóònù mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá.

Ohun tí Lambo ṣe ní Aró ní ọdún 1954 kọ́ wa pé ẹbí kì í ṣe èrò tí ó sin aláìsàn wá, ara ìtọ́jú ni. Abúlé tí ó kó wọn jọ nígbà náà kò lè gba gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n fóònù lè gba púpọ̀. Ìyá tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní aago méjì òru, tí ó ń ṣọ́ kí ọmọ má jáde, kò ní kí ẹnikẹ́ni gba àìsàn náà kúrò lọ́wọ́ òun lálẹ́ yẹn. Bí ó bá rí ẹnìkan tí ó dá a lóhùn pé, "Ó ti ṣe mí rí, mo mọ̀ ọ́n," ìyẹn pàápàá ti tó láti mú un di àárọ̀. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.